Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Igi Àlejò Nínú Igbó

Ìbéèrè: Àwa ọ̀dọ́ Tchatchou ní Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ gé àwọn igi tí a kò fẹ́ nínú igbó ìtòsí wa, láìgba owó. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfẹ́ ìlú, ẹ̀yin ọmọ wa. Lóòótọ́, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n kí àáké tó kan igi, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà onílẹ̀ àti àwọn aṣọ́gbó ìjọba, nítorí òfin igbó Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1993 kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi nínú igbó ọba láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ má sì fọwọ́ kan igi òrí àti igi irú, tí àwọn ìyá wa ń jẹun lára wọn. Igi àlejò ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí àpẹẹrẹ, ní 1969 ni wọ́n mú igi Broussonetia wọ Gánà nítorí àtifi ṣe bébà, ó sì di igi gogoro tí a kò tètè wò lókèèrè, títí ó fi ń gba ilẹ̀ mọ́ igi ìbílẹ̀ lọ́wọ́ nínú igbó Afram. Bí a bá sì gé e, kùkùté rẹ̀ a tún rúwé. Nítorí náà, ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ sì fi igi ìbílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù ni Ọjọ́ Igi ní Bẹ̀nẹ̀: ẹ gbin tiyín lọ́jọ́ náà.