Kí Ẹ Tó Di Gbohùngbohùn Mú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìròyìn yín ti dé etí wa. Wọ́n ní ẹ fẹ́ máa kó ara yín jọ ní Songon níbí, kí ẹ máa ké ewì lójú ará àdúgbò, ẹlòmíràn ní Faransé, ẹlòmíràn ní Nouchi, ẹlòmíràn ní Yorùbá. Inú mi dùn sí i gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ohun tí yóò mú àwọn ọmọ Ànàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, tí wọ́n bí sí ìlú yìí la ẹnu sọ èdè bàbá wọn níta gbangba láìtijú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀. Àwọn ọmọ Atchan, ọmọ Baoulé àti ọmọ Dioula tí ẹ jọ fẹ́ ṣe é, ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ dúró lé.

Ẹ má wò ó pé ilé tuntun ti kún ọ̀nà Dabou. Songon-Agban, Songon-Kassemblé, Songon-Dagbé, Songon-M'Brathé, ìlú Atchan ni gbogbo wọn, àwọn tí àwa àlejò ń pè ní Ébrié. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ sọ kí gbohùngbohùn tó dé. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pín ìran wọn sí: Blessoué, Gnando, Dougbo àti Tchagba. Bí ó bá kan ẹgbẹ́ kan láti gba iṣẹ́ ìlú, wọ́n á ṣe ayẹyẹ fatchué, ìlù á dún, olórí ogun á jó jáde, tọmọdé tàgbà á pé. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é, ẹ lọ wò ó. Ẹ ó rí bí ẹnì kan ṣe ń mú ojú ọ̀pọ̀ èrò láìní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ti Djidji Ayôkwé pẹ̀lú. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni, ti àwọn Bidjan tí í ṣe ẹ̀yà kan nínú Atchan. Gígùn rẹ̀ ju mítà 3 lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 430. Nígbà ìjọba Faransé, òun ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti abúlé dé abúlé pé àwọn tó ń fi tipátipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́ ti ń bọ̀, kí àwọn ọkùnrin sá wọ igbó. Ní 1916 ni àwọn aláṣẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì yá wọ́n gbé e lọ sí Paris. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ilé aṣòfin Faransé tó dìbò, ní oṣù Keje 2025, pé kí wọ́n dá a padà. Ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tí wọ́n ti gba ohùn lọ́wọ́ wọn rí kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbé sípíkà kalẹ̀ láàárín ìlú wọn kó máa pariwo. Ẹ bẹ àgbà kan lọ́wẹ̀ kó mú yín lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé. Ẹ gbé ọtí dání bí àṣà wọn ṣe rí, kódà bí ẹ̀yin kì í bá mutí. Ẹ béèrè bóyá òkú wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ sún un.

2. Ẹ júbà.

Oníjàálá kì í ṣíde ìjálá láìjúbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kéwì egúngún. Gbólóhùn kan péré ti tó. Ọmọ Mùsùlùmí tàbí ọmọ ìjọ tí kò fẹ́ júbà òrìṣà, kó júbà Ọlọ́run, àwọn òbí rẹ̀ àti onílẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò fipá mú un kọjá ìyẹn.

3. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní slam tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe ewì.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn fara mọ́ ọn. Marc Smith, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan ní Chicago, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1984. Nígbà tó di 1986 ó gbé e lọ sí ilé ọtí Green Mill. Ó ti sú u kí akéwì máa dorí kọ ìwé kó máa kà á fún ara rẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ń sùn. Ló bá fa ìdájọ́ lé àwọn tó wá gbọ́ lọ́wọ́: a mú ènìyàn díẹ̀ láàárín èrò, wọ́n á fún akéwì ní máàkì láti òdo dé 10. Lónìí, níbi ìdíje, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni akéwì ní, kò gbọdọ̀ lu ìlù, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ eré. Ní Abidjan wa yìí, ẹgbẹ́ Au Nom du Slam, tí Bee Joe àti Amee wà nínú rẹ̀, ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fojú ọ̀wọ̀ wò.

Kí ni ohun àjèjì níbẹ̀? Nílé wa, onírárà tí kò mọ rárà sun, wíwò ni àwọn èèyàn ń wò ó, owó kì í kan iwájú rẹ̀. Èrò ló ń dájọ́ fún un. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá àwọn oníslam jà sí: ìlù tí wọ́n lé jáde. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ pa òfin mọ́. Lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe ìdíje, ẹ jẹ́ kí gángan wọlé. Bernard Zadi Zaourou, akéwì àti ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Bété tó kú ní 2012, mú didiga tí í ṣe iṣẹ́ ọnà àwọn ọdẹ wọn, tòun ti ọrun olóhùn tí wọ́n ń ta sí i, gbé e gorí ìtàgé Abidjan.

4. Ẹ má fi èdè yín sílẹ̀ sílé.

Ọ̀pọ̀ yín gbọ́ Yorùbá, ẹ kì í kàn fẹ́ fèsì ni. Ẹ̀rù ń bà yín pé ará Èjìgbò, Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, kó sì tún un ṣe fún yín lẹ́yìn náà. Ẹ̀rín ẹni tó ń kọ́ni kì í pani lára.

Ẹ má kọ ewì ní Faransé tán kí ẹ tó máa tú u sí Yorùbá. Akéwì Faransé a máa wá ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dún bákan náà. Ewì tiwa kò nílò ìyẹn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń ṣọ̀nà. Ẹ gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, ẹ tún un sọ, kí ẹ wá yí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn láti ohùn òkè sí ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá yóò mọ̀ lára pé nǹkan ti yí padà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi ègbè kúkúrú kan kọ́ gbogbo èrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lé e, kí wọ́n gbè é. Kò sí ẹ̀yà kan ní Songon tí kò mọ orin gbè.

Ní ti Nouchi, mi ò bínú sí i. Ọmọ Abidjan ló dá a sílẹ̀, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dí ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti sọnù lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ bi ìyá yín léèrè.

5. Ẹ bá ìwà wí, ẹ má dójú ti aládùúgbò.

Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, òru ọjọ́ tó ṣáájú ìjó ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni akọrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Yóò kọrin bá olè, ìkà àti aláṣẹ tó ṣìwà hù wí, títí ilẹ̀ yóò fi máa mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò mú un. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ìlú ló fún Ẹ̀fẹ̀ ní àṣẹ ẹnu rẹ̀, àwọn ni Ẹ̀fẹ̀ sì ń kí kó tó sọ ohunkóhun. Ẹ̀yin kò tíì gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ kan tí wọ́n tà fún ẹni méjì. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ gbaka tó ń fowó lé owó ọkọ̀ nígbà òjò. Ẹ má dárúkọ ìyàwó ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi àbùkù ara ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ bá aláṣẹ wí, ẹ rí ohun tó ṣe dájú pẹ̀lú ojú ara yín.

6. Ẹ kọ́ ọ sórí.

Akéwì tó ń ka fóònù kò rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Lánrewájú Adépọ̀jù, tí a bí ní 1940 tó sì kú ní 2023, kò rí ilé ìwé lọ bí ẹ ti rí i lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà, ewì rẹ̀ sì gba rédíò Ìbàdàn kan. Ẹ wá rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ti Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀, àti ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fetí sí ibi tí wọ́n ti ń mí àti ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Ẹ má sín wọn jẹ.

7. Ẹ fi àyè gba àwọn ọmọbìnrin.

Àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ẹkún ìyàwó. Wúńdíá tó ń lọ sílé ọkọ á ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin ṣáájú ọjọ́ náà. Tó bá dọjọ́ yẹn, á dúró lójú bàbá, ìyá àti ẹbí, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ìdúpẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà á, ohun tó dùn ún. Àwọn àgbà á dákẹ́, wọ́n á gbọ́ ọ dópin. Nítorí náà, ọmọkùnrin tó bá súfèé sí ọmọbìnrin tó ń ké ewì, ẹ mú un jáde. Ẹ tètè parí eré, kí àwọn ọmọbìnrin lè rí ọkọ̀ wọ padà sílé.

8. Ẹ bá onílù ṣàdéhùn owó rẹ̀ kó tó gbé ìlù kọ́ èjìká.

9. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀.

Dénrelé Ọbasá kó ọ̀rọ̀ àwọn akéwì àtijọ́ jọ ní Ìbàdàn, ó ń tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Yorùbá News, ó sì gbé ìwé kìíní jáde ní 1927. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fi ṣe é. Fóònù ni ẹ̀yin ní, ó sì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Treichville, ní Yopougon àti níbí, àwọn ìyá arúgbó tó mọ oríkì ìdílé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ń dín kù, àwọn ọmọ wọn kò sì bi wọ́n. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ fóònù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ gbà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ki oríkì náà àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì fi sórí ayélujára láìsọ fún un.

Oríkì Èjìgbò tí ẹni tó bí mi kọ́ mi ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹ wá lẹ́yìn ìrun àlàásárì ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì rí i pé bátìrì fóònù yín kún, nítorí ó gùn.