Dáàmù Oníyẹ̀pẹ̀ Yín: Ta Ló Ń Gbé Nísàlẹ̀ Rẹ̀?

Púpọ̀ nínú yín ló ti fi yẹ̀pẹ̀ sé odò kékeré láti sin ẹja tàbí láti bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ lẹ́nu yín pé, "Dáàmù tèmi kéré, kò lè ṣe nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìpele ewu dáàmù?

Ọ̀pọ̀ rò pé bí dáàmù bá ti lágbára, ewu rẹ̀ kéré nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí a ń wò ni pé, bí ó bá já lónìí, kí ni omi náà máa bá lọ́nà? Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí ní Amẹ́ríkà:

1. Ewu kékeré: ẹ̀mí kò ní ṣòfò; oko ẹni tó ni dáàmù ló máa bà jẹ́ jù.
2. Ewu àárín: ẹ̀mí kò ní ṣòfò, ṣùgbọ́n ọ̀nà, afárá tàbí oko olóko lè bà jẹ́.
3. Ewu ńlá: àfàìmọ̀ ni kí ẹ̀mí má ṣòfò.

Nítorí náà, dáàmù tó lágbára, tí ilé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ewu ńlá ni.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀

Ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ ṣe dáàmù Ka Loko ní ọdún 1890 láti bomi rin oko ìrèké. Ọwọ́ aládàáni ló wà nígbà tó já. Nínú ìwé ìjọba, ewu kékeré ni wọ́n kọ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní March 14, 2006, lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀ ọjọ́, dáàmù náà já láàárọ̀ kùtù. Èèyàn 7 ló kú. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti di ojú ọ̀nà tí omi àpọ̀jù ń gbà jáde. Ní Solai, ní Kẹ́ńyà, dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ inú oko aládàáni kan já lálẹ́ May 9, 2018. Ó lé ní 40 èèyàn tó kú.

Ohun tí ẹ ó ṣe kí òjò tó dé

• Ẹ fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé odò náà lọ sísàlẹ̀. Ẹ ka ilé, ọ̀nà àti ọgbà àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀.
• Ẹ ro ojú ọ̀nà omi àpọ̀jù. Ẹ má fi igi tàbí àpò yẹ̀pẹ̀ dí i nítorí kí ẹja má baà lọ. Bí omi bá gun orí ògiri yẹ̀pẹ̀, kò ní pẹ́ gé e.
• Ẹ má gbin igi sórí ògiri. Bí gbòǹgbò bá jẹrà, omi á gba ibẹ̀. Koríko kúkúrú ló yẹ ibẹ̀.
• Ẹ wá ihò òkété àti ilé ikán.
• Bí omi bá ń sun lẹ́yìn ògiri, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá mọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Bí ó bá dọ̀tí, yẹ̀pẹ̀ inú ògiri ló ń kó lọ yẹn. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ rọra dín omi kù, kí ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́ dáàmù.

Ẹ rántí o: dáàmù tí ewu rẹ̀ kéré ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti di ewu ńlá báyìí. Bí ẹnì kan bá ti kọ́lé sísàlẹ̀ odò, ìpele dáàmù yín ti yí padà, bí ẹ kò tilẹ̀ fi ọkọ́ kàn án. Ọdọọdún ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín.