Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìwé wo ni Ṣínà máa rà?

Ṣínà ń gbé ní Kétu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wá sílé fún ìsinmi, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Ó fi Scratch han àbúrò rẹ̀.

Scratch jẹ́ èdè tí àwọn ọmọdé fi ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe fún un. Àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 2007. A kì í san owó kí a tó lò ó. Àwòrán ológbò kan wà nínú rẹ̀. Bí a bá to àṣẹ fún ológbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò rìn, yóò sì jó.

Ṣínà fẹ́ mọ̀ ọ́n lò. Bàbá fún un ní owó ìwé kan ṣoṣo. Òun àti Àbẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà. Oníwèé to ìwé mẹ́ta síwájú wọn.

Ìwé kìíní tóbi, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Ṣínà gbé e mọ́ àyà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ni mo fẹ́!”

“Kọ́kọ́ ka ojú ewé kan fún mi.”

Ṣínà kà á títí, kò yé e.

“Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n kọ ọ́ fún,” ni Àbẹ̀kẹ́ wí. “Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìwọ náà yóò kà á lọ́jọ́ kan.”

Ìwé kejì kò le. Àbẹ̀kẹ́ wo àwòrán inú rẹ̀.

“Níbo ni ológbò wà níhìn-ín?”

“Ọwọ́ òsì ni.”

“Nínú kọ̀ǹpútà wa ńkọ́?”

Ṣínà ronú. “Ọwọ́ ọ̀tún ni!”

“O káre. Scratch 2 ni ìwé yìí ń kọ́ni. Scratch 3, tó jáde ní ọdún 2019, ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa. Wọ́n ti tún un tò. Bí o bá tẹ̀ lé ìwé yìí, ohun tí o ń wá kò ní sí níbi tí ìwé sọ.”

Ìwé kẹta kéré, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti gbó. Ṣínà ṣí i fúnra rẹ̀. Ó ka ojú ewé kan, ó yé e. Ó wo àwòrán: ológbò wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ìparí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ wà tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i!”

Ní alẹ́, Ṣínà ṣí ìwé rẹ̀. Ó pàṣẹ kí ológbò gbé ìṣísẹ̀ 10, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 10. Ológbò gbéra, ó rìn lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Owó mi kò ṣòfò,” ni ó wí.

Ẹ rántí

Kí a tó ra ìwé, ẹ jẹ́ kí a béèrè:
Ṣé ó yé mi?
Ṣé ó bá ohun tí mo ní lọ́wọ́ mu?
Ṣé ó fún mi ní iṣẹ́ ṣe?

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí Ṣínà kò ra ìwé kìíní?
2. Kí ni Àbẹ̀kẹ́ rí nínú ìwé kejì?
3. Ìṣísẹ̀ mélòó ni ológbò gbé lápapọ̀?
4. Mú ìwé kan, kí o ka ojú ewé kan. Ṣé ó yé ọ?