Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Yàrá Tí A Ti Ń Gba Ohùn Sílẹ̀

Ẹ wọ yàrá tí kò sí ẹrù kankan nínú rẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ yín á ti dúró, ìró á ṣì máa dún. Gbohùngbohùn nìyẹn. Ẹ wá lọ sí yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì àti aṣọ wà, kí ẹ tún pàtẹ́wọ́. Ìró náà á kú kíá.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún ohun gbogbo. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba orin tàbí ìwàásù sílẹ̀. Wọ́n lè ra máìkì olówó gọbọi, síbẹ̀ kí ohùn wọn máa dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Ẹ̀bi máìkì kọ́, ẹ̀bi ògiri ni.

Ohun tó fà á

Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri méjì bá kọjú síra, tí àárín wọn jẹ́ mítà 3, ìró lè lọ kó sì bọ̀ ju ìgbà 50 lọ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ògiri tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ le, ó sì ń dán. Ìró tó bá kàn án, ńṣe ló ń dá a padà. Máìkì á gba ohùn ẹnu yín, á sì tún gba èyí tí ògiri dá padà. Ọ̀rọ̀ á wá wọnú ara wọn.

Ní ọdún 1895, gbọ̀ngàn kan wà ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì í yé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan a máa dún fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Wọ́n ní kí Wallace Sabine, olùkọ́ kan níbẹ̀, wá nǹkan ṣe sí i. Lóru, ó ń kó tìmùtìmù ìjókòó wá láti gbọ̀ngàn mìíràn, ó ń tò wọ́n síbẹ̀. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni gbohùngbohùn ń dín kù.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ohun tó rọ̀ tó sì nípọn ló ń gbé ìró mì. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè mú ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò lè mú ìró ìlù ńlá. Ẹ kan férémù onígi, kí ẹ fi rockwool (ìyẹn òwú òkúta) tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sínú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri. Igun yàrá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìró tó wúwo máa ń kó jọ sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti ń gbọ́ orin. Kí ẹnì kan máa fa dígí lọ lára ògiri. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé férémù mìíràn kọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ lè gbé e kúrò kí àwọn ọmọ ráyè.

Ẹ má fi owó ra kíréètì ẹyin láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ti fúyẹ́ jù. Ẹ ṣọ́ra fún fóòmù pẹ̀lú, torí ó máa ń tètè gbiná. Gbogbo èyí kò sì ní dá ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró. Ẹ dí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ nígbà tí àdúgbò bá pa rọ́rọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ pàtẹ́wọ́ ní yàrá mẹ́ta nínú ilé yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, àti ẹrù tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan.