Ìmọ̀ràn fún Ẹni tó Fẹ́ Ra Sáúnà Alágbá

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ní Fínlándì, mo gbọ́ pé ẹ ń dáwó jọ láti ra sáúnà, ìyẹn yàrá ooru, onípákó tó rí roboto bí àgbá, kí ẹ gbé e sẹ́yìn ilé. Kò burú. Ilẹ̀ tí èèyàn ibẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 5.6, tí sáúnà wọn sì tó mílíọ̀nù 3, ta ló máa ní kí ẹ má bá wọn ṣe é? Àmọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́ tẹnu èmi tí mo fi iṣẹ́ káfíńtà jẹun.

1. Ẹ fọwọ́ pa pákó náà kí ẹ tó sọ pé ó wù yín. Ìṣó kọ́ ló di àgbá mú. Wọ́n á gbẹ́ etí pákó kan ní kòtò, wọ́n á fá etí ìkejì roboto kó lè wọnú rẹ̀, wọ́n á tò wọ́n yíká, wọ́n á wá fi ọ̀já irin tí kì í dógùn-ún gbà á lámùrè. Bí pákó bá fa omi mu, á wú, á sì fún mọ́ra; bó bá gbẹ, á súnkì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa fi sípánà lọ́ nọ́ọ̀tì ọ̀já náà, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́. Mo ti rí èyí tí olówó rẹ̀ pa tì lásìkò ooru: ẹ lè jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì. Igi spruce àti cedar dára fún ara àgbá. Fún bẹ́ńṣì, ẹ béèrè igi aspen tàbí alder. Kókó ara spruce máa ń sun oje bó bá gbóná, ìdí yín ni oje náà á sì jó.

2. Roboto náà kì í ṣe oge lásán. Kò sí igun lókè tí afẹ́fẹ́ gbígbóná á lọ sá pamọ́ sí, àyè inú rẹ̀ sì kéré, torí náà ó máa ń yára gbóná. Òjò kì í dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n pákó ẹyọ kan ṣoṣo ni ògiri rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n kì sí i láti dá ooru dúró. Lóṣù kìíní tí òtútù bá mú, igi ìdáná yín á mọ̀ ọ́n.

3. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ìbéèrè tí ọlọ́jà ò fẹ́ gbọ́ rèé. Àwọn àgbà sáúnà gbà pé ó yẹ kí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ga tó òkúta orí ààrò, torí òkè ni ooru ń lọ. Nínú àgbá, bí ẹ bá gbé bẹ́ńṣì ga, orí á kan òrùlé. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, etí á máa jó, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ ò ka àgbá sí sáúnà gidi nítorí èyí, mi ò sì lè bá wọn jà. Ẹ ra èyí tó fẹ̀ jù tí owó yín ká, kí ẹ fi pákó gbé ibi ìtẹ̀sẹ̀ sókè.

4. Omi díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà sórí òkúta. Ẹ má ṣa òkúta odò o, ó lè bẹ́. Ìta ni kí ilẹ̀kùn máa ṣí sí, kó má sì ní kọ́kọ́rọ́.

5. Ní ti ìlera, àwọn oníṣègùn tọpinpin ọkùnrin 2,315 ní ìlà-oòrùn Fínlándì fún bí 20 ọdún, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2015. Ikú òjijì tí àìsàn ọkàn ń fà ò pọ̀ láàrin àwọn tó ń wọ sáúnà lẹ́ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀méje lọ́sẹ̀ tó bó ṣe pọ̀ láàrin àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ò ní kí ẹ sọ pé sáúnà ló gbà wọ́n, ẹni tó bá sì sọ pé bí àgbá ṣe rí roboto ló ń wo àìsàn sàn, ọjà ló ń tà. Ẹni tí àìsàn ọkàn ń dà láàmú, kó bi dókítà. Ẹ má mutí wọ̀ ọ́, ẹ má sì bá ara yín díje: ní ìlú Heinola ní Fínlándì lọ́dún 2010, ìwọ̀n ooru 110 Celsius ni wọ́n fi ṣe ìdíje sáúnà àgbáyé. Ọ̀kan nínú àwọn tó dé àṣekágbá kú, wọn ò sì ṣe é mọ́.

6. Inú rẹ̀, ẹ má kùn ún ní fáníìṣì. Èéfín rẹ̀ lẹ máa fà símú. Ẹ̀yìn òde ni kí ẹ fi òróró igi pa.