Bàtìrì Àlòkù Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ OBÌNRIN
Bíbélì kíkà: Deuteronomi 22:8
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ewu tó wà nínú bàtìrì àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, kí a sì mọ ohun tó yẹ kí ìyá ilé ṣe sí i.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ara mi.

Bàtìrì ínfátà ilé mi kú. Ó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí ń ra kọ́ńdẹ̀ǹmù tó kọjá pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀. A ná an, ẹnu wa kò. Ó ní òun kò lè fi owó ra omi inú rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí òun lè dà á sí. Mo nawọ́ sí ìdí ògiri. Ibẹ̀ ni mo gbin ewédú sí. Ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ ro àmàlà eré rẹ̀. Nígbà tí ewédú náà kú, mo ní oòrùn ló pa á. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi da májèlé sí ibi tí ọmọ tèmi ń jókòó.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ WỌN?
Bàtìrì mọ́tò àti ti ínfátà, òjé ló ju ìdajì ìwọ̀n wọn lọ. Ásíìdì inú rẹ̀ ń jó ara, ó sì ń gbé òjé dání lọ sínú ilẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ìdí ńlá ní òjé nínú gíláàsì rẹ̀, ó lè tó kìlógíráàmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná gbọọrọ funfun tí a ń lò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní mẹ́kúrì nínú. Wáyà ní bàbà, bàbà sì ni àwọn ọmọ wa ń wá tí wọ́n fi ń sun ún. Èéfín dúdú tí ń jáde lára rọ́bà wáyà ní májèlé tí kì í tètè kúrò nílẹ̀. Ní Agbogbloshie ní ìlú Accra, níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí tó jáde ní 2019 rí májèlé yìí nínú ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀.

NÍBO NI WỌ́N TI Ń WÁ?
Ẹrù tòkunbọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ka ẹrù ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan. Èyí tó ju 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá. Púpọ̀ ló sì wá nínú ikùn ọkọ̀ tòkunbọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé Alàbá, wọ́n ń dé Ìkẹjà, wọ́n sì ń dé abẹ́ afárá Ṣàngó níbi tí èmi àti ẹ̀yin ti ń rà á. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbà á.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÒGIJO
Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ní Ògijo lẹ́bàá Ìkòròdú, àwọn ilé-iṣẹ́ wà tí ń yọ́ òjé inú bàtìrì àlòkù láti tún un tà. Ní November 2025, ìwé ìròyìn The New York Times àti The Examination gbé ìwádìí kan jáde. A yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ló ní òjé tó lè ṣe wọ́n léṣe. Kò sí òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n yẹ̀ wò tí ó yè é. Nínú àwọn ọmọdé, èyí tó ju ìdajì lọ ló ní ìwọ̀n tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé.

Ẹ má ṣe sọ pé Ògijo jìnnà sí Ọ̀tà. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní àdúgbò wa, ọkọ àti ọmọ wa ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ rántí Zamfara náà ní 2010. Òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá ilé ní òjé nínú. Ọmọ tó ju 400 ló kú.

BÁWO LÓ ṢE Ń WỌ ARA?
Òjé kò rùn, ojú kì í sì í rí i nínú oúnjẹ. Ọwọ́ ọmọdé ló ń gbé e dé ẹnu rẹ̀. Nínú òjé kan náà tí ọmọdé àti àgbà bá gbé mì, ti ọmọdé ń wọ ara ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Kò sí ìwọ̀n kankan tí àwọn onímọ̀ ìlera mọ̀ pé kò léwu. Ó ń dín òye ọmọ kù, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ tí a ń nà pé olódo ni, bóyá òjé ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti rántí iye irú wọn tó jókòó níwájú mi rí ní kíláàsì.

Fún àwa obìnrin, ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé máa ń fara pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, yóò jáde sínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀.

OHUN TÍ A Ó ṢE
1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi bàtìrì sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà. Odindi ni kí ẹ tà á, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ dín.
2. Ẹ má sun wáyà, rọ́bà ẹ̀rọ tàbí bàtìrì fóònù. Ẹ má gbé wọn sínú ààrò láti fi dáná.
3. Bí ọkọ tàbí ọmọ yín bá ń ṣiṣẹ́ bàtìrì tàbí òjé, kí ó bọ́ aṣọ àti bàtà iṣẹ́ sí ìta, kí ó sì wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ mọ́ra. Ẹ má fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ọmọ.
4. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú egungun rẹ̀, àti wàrà. Ara tí kò ní àwọn èròjà inú oúnjẹ wọ̀nyí ń gba òjé sí i ju bó ti yẹ lọ.
5. Ẹ má ra tòkunbọ̀ tí a kò tan lójú yín.
6. Bí ẹ bá fura, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ibà kò lè fi í hàn.

Ẹ má lé àwọn oníkọ́ńdẹ̀ǹmù. Ọmọ ẹni ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì wúlò. Ẹ ṣàlàyé fún wọn. Òfin ti wà láti 2011 pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kó o wọ̀lú máa gba òkú rẹ̀ padà, NESREA ni ó sì ń mójú tó o. Ẹgbẹ́ wa lè kọ̀wé sí wọn láti béèrè ẹni tó ní ìwé àṣẹ tí yóò wá kó tiwa.

ÌPARÍ
Nínú Bíbélì kíkà wa, a pa á láṣẹ fún ẹni tó bá kọ́lé tuntun kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì wà lọ́rùn ilé náà. Onílé náà kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò gbèrò ibi. Àmọ́ pé a kò mọ̀ kò ní kí ọmọ má ṣubú.

Mo ti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kúrò, mo sì ti fi sìmẹ́ńtì bo ojú rẹ̀. A ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fún àyẹ̀wò. Bí mo ti ń kọ èyí, a ṣì ń retí èsì rẹ̀. Ẹ bá wa fi í sínú àdúrà, kí ẹ sì lọ wo ẹ̀yìn ilé yín lónìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ẹ̀rọ wo ló ti bàjẹ́ nínú ilé rẹ? Níbo ló wà?
2. Ta ló ń sun wáyà ní àdúgbò rẹ, báwo lo sì ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ láìbínú?
3. Ìgbátí wo ni ilé rẹ kò tíì ní?