Ta Ló Ń Dì Mọ́ Ta Láàárín Sẹ́ẹ̀lì?

Ẹ̀yin ará kíláàsì, sẹ́ẹ̀lì la máa ń yà nínú ìwé bàọ́lọ́jì. Kí ló wá wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì? Kì í ṣe òfìfo o! Bí sìmẹ́ńtì ṣe ń di búlọ́ọ̀kù mú, bẹ́ẹ̀ ni extracellular matrix ṣe ń gbé sẹ́ẹ̀lì dúró nínú awọ ara, kèrékèré àti egungun. Collagen ni ọ̀gá ibẹ̀: fọ́nrán mẹ́ta tó lọ́ pọ̀ bí okùn.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Collagen ń dì mọ́ purotéènì mìíràn, ó tún ń dì mọ́ heparan sulfate, ìyẹn ṣúgà tó tò gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ó yẹ ká mọ ẹni tó ń dì mọ́ ẹni, torí inú matrix yìí ni jẹjẹrẹ máa ń já gbà kó tó tàn kálẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, fi ṣe àkójọ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, MatrixDB, tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2009. Purotéènì nìkan ni ọ̀pọ̀ àkójọ bẹ́ẹ̀ ń kà. MatrixDB ka ṣúgà mọ́ ọn. Ó tún ń sọ àyẹ̀wò tó fi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ rántí: bí ìsopọ̀ kan kò bá sí níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí nínú ara. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ni. Bóyá ọ̀kan nínú wa ló máa ṣe é.